Orúkọ Tí Òfin Kò Mọ̀: Ọdẹ, Ejò àti Ìwé Àṣẹ Nílẹ̀ Rẹ́mọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba, Ìlárá Rẹ́mọ

  Ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà la wà yìí, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ẹran ìgbẹ́, nítorí pé lọ́jọ́ yìí ní 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn CITES ní Washington, lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ń tán lọ. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà á ní 1974.

N kò ní fi ìtumọ̀ gba àkókò yín. Ẹ mọ ẹran afàyàfà: ejò, ọ̀nì, awọ́nríwọ́n, ahun, agẹmọ. Ẹ mọ ìwé àṣẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: òfin tí kò mọ orúkọ tí ọdẹ ń pe ẹran kò lè bá ọdẹ wí, kò sì lè gba ẹran là.

Òfin mẹ́ta, ọdẹ kan

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1985 sọ lórí èèpo rẹ̀ pé òwò láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè lòun wá ṣàkóso. Ẹni tó bá ka èèpo náà á rò pé àwọn onífàyàwọ́ Sẹ̀mẹ̀ ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí i wò. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ka pípa, mímú àti títa àwọn ẹran tó wà nínú àtòkọ kìíní léèwọ̀ pátápátá. Ti àtòkọ kejì, ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ló lè jẹ́ kí o fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹgbẹ̀rún kan náírà (₦1,000) ni owó ìtanràn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rú òfin àtòkọ kìíní nígbà náà. Ní 2016 wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù márùn-ún náírà (₦5,000,000). Ọdẹ tó ń ṣọ́ oko kòkó lẹ́yìn ilé wa yìí, ta ló sọ fún un?

Èkejì ni ti ìpínlẹ̀. Ìwé Òfin 1999 kò sọ ẹran ìgbẹ́ di ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ọdẹ ṣíṣe inú igbó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, òfin ẹran ìgbẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti ń lò ló jogún. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìbọn, tó jẹ́ ti ọlọ́pàá. Òun nìkan ni ọ̀pọ̀ ọdẹ wa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ erè

Ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbí. Ọdẹ ni bàbá mi àgbà nílùú yìí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó gbé erè kan wálé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójúde, ó ní kí n gbé àtùpà sún mọ́ ọn, ó sì yí ikùn rẹ̀ sókè. Ó fi ọmọ ìka hàn mí níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀: èékánná kékeré méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀gún. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ní ẹsẹ̀ rí." Mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin ní yunifásítì kí n tó kà á nínú ìwé pé òótọ́ ni, àjẹkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Kí àwọn tó ń pe ọdẹ ní aláìmọ̀kan gbọ́ o.

Bàbá àgbà ń pe èyí tó tóbi, tó lè gbé ẹtu mì, ní òjòlá. Èyí tó kúrú, tó ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká tí o bá fọwọ́ kàn án, tó sì ń fi orí pamọ́ sáàárín, mọ́námọ́ná ló ń pè é. Erè ni àwọn méjèèjì lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ kan tó ti Ìṣarà wá bá a jiyàn lójú mi títí ẹmu fi tán: ó ní èyí tó tóbi nìkan ló ń jẹ́ erè, òjòlá sì tún yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ tiwọn, *Python sebae* fún ńlá, *Python regius* fún kékeré. Ìpele kejì CITES ni wọ́n to àwọn méjèèjì sí: òwò wọn kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìwé.

Ẹ wá wo alégbà. Níbìkan, ọ̀nì ni alégbà. Níbòmíràn, ẹran tó jọ awọ́nríwọ́n ni. Gbogbo ọ̀nì ilẹ̀ wa wà ní ìpele kìíní CITES, níbi tí òwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèwọ̀ pátápátá, awọ́nríwọ́n wà ní ìpele kejì. Bí ọdẹ bá wí pé "alégbà ni mo pa," ẹnu kan náà lè tì í sẹ́wọ̀n tàbí kó dá a sílẹ̀, ní ìlú méjì tí kò ju ìrìn wákàtí kan síra wọn lọ. Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà kò yàtọ̀: wọ́n dá ọdẹ kan tí mo mọ̀ dúró lọ́nà Ṣágámù pẹ̀lú erè nínú àpò ìrẹsì. Wọ́n béèrè ìwé, ó mú ìwé ìbọn jáde. Wọ́n ní kì í ṣe èyí. Ó béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń gba òmíràn, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ọ́fíìsì kan rán an lọ sí èkejì, èkejì tún dá a padà sí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn ín. Ọkùnrin tó fẹ́ gba ìwé nìyẹn o, kò sá fún òfin.

Àwọn tó ní èèwọ̀ ti tó

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn baba wa ní èèwọ̀, èèwọ̀ ló dáàbò bo ẹran, òfin òyìnbó ló bà á jẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ sí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilé òrìṣà erè wà níbẹ̀, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Bí erè bá wọ yàrá ẹnìkan lóru, wọn kì í pa á, ńṣe ni wọ́n ń gbé e padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, láti Benin yìí kan náà, àti láti Togo àti Ghana, ni wọ́n ti ń kó mọ́námọ́ná láàyè lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fún àwọn tó ń sìn ín nínú ilé. Ẹran tí ilé kan ń wárí fún ni ilé kejì ń fi sínú àpótí. Èèwọ̀ ní ẹni tó ni ín. Ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ní pa á mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀, ìdílé ìyá mi kò jẹ ahun títí di òní, ṣùgbọ́n ahun Rẹ́mọ kò ti ipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Àwọn kejì ní kí ìjọba fòfin de gbogbo ọdẹ ṣíṣe. Ìyá tó ń ta ẹran gbígbẹ létí títì, kí ni yóò tà? Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀. Ẹ ń ya fídíò erè, ẹ ò sì mọ orúkọ ejò mẹ́ta. Ta ni yóò sọ orúkọ náà fún òfin bí Olúọ́dẹ bá dàgbà kọjá igbó?

Ìwé kan, ilé kan

Kí ni mo wá dábàá? Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní California, ìwé àṣẹ ẹja pípa ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mú alángbá tàbí ejò ilẹ̀ wọn. Ó ṣàjèjì létí, ṣùgbọ́n irú ẹran àti iye tí ènìyàn lè mú wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Kí tiwa náà wà ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, pẹ̀lú gbogbo orúkọ tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń pe ẹran kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀.

Mo mú awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ mẹ́rin àti àwòrán ọ̀nì àti awọ́nríwọ́n wá. Wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ̀yin ọdẹ, kí kálukú dúró, kó sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nílé bàbá rẹ̀. Kí àwọn ará Ìpara àti Ìṣarà kọ́kọ́ sọ tiwọn, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀nà wọn sì jìn.