Ariwo Tápẹ́ẹ̀tì Lórí Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí dá lórí ariwo kékeré kan tí ó máa ń ti orí ẹ́ńjìnnì alùpùpù jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ariwo tápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ti Arámọkọ gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lórí ọ̀kadà yóò ti gbọ́ ọ rí: ta-ta-ta-ta, bí ẹni ń fi èékánná kan agolo.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun ni ó ń gbé iṣu àti kòkó kúrò ní oko, tí ó ń gbé awakùsà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ní Ìjerò, tí ó sì ń gbé olùkọ́ dé ilé-ìwé abúlé tí ọkọ̀ èrò kì í yà sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gùn ún ni kò tíì san owó rẹ̀ tán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án fún ẹni tí ó bá wọn rà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, gbèsè kò ní bá a dákẹ́.

Orúkọ náà, ọ̀kadà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ti Olóyè Gabriel Igbinedion ni ó ti wá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó wà lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Honda CG125 tàbí ẹ̀dà rẹ̀. Ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ Honda ti Japan gbé e jáde, ní pàtàkì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dán tí àtúnṣe kì í sì í ṣe déédéé. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bajaj ti India náà pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀. Ìwé tirẹ̀ ni kí ẹni tí ó ní in wò.

Fáàfù méjì ni ó wà lórí sílíńdà. Ọ̀kan ni ẹnu-ọ̀nà tí epo òun afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èkejì ni ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó ń ti apá irin tí wọ́n ń pè ní rọ́kà, rọ́kà á sì tẹ fáàfù kí ó lè ṣí. Láàárín rọ́kà àti orí fáàfù, àlàfo kan gbọ́dọ̀ wà. Nínú CG125, 0.08 mm ni àlàfo náà fún fáàfù méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ bí èyí ti kéré tó lè mú rímù bébà ìtẹ̀wé kan. Ewé 500 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Bí wọ́n bá pín in, ewé kan yóò jẹ́ 0.1 mm. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì kò tó ewé bébà kan! Abẹ fẹ́lẹ́ tí a fi ń fá irùngbọ̀n pàápàá tó 0.1 mm, nítorí náà kò yẹ ní ohun tí a ó fi wọn tápẹ́ẹ̀tì. Fíílà géèjì ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí, kò sì wọ́n.

Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, irin á máa gbá irin, ariwo á sì dé. Kò dára, nítorí ó ń jẹ irin, fáàfù kò sì ní ṣí tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó ń ké sí olówó rẹ̀. Bí àlàfo bá há jù, kò sí ariwo rárá, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Fáàfù èéfín máa ń gbóná púpọ̀, ìgbà tí ó bá jókòó pa sórí ìjókòó rẹ̀ ni ó ń rí ibi sọ ooru náà kalẹ̀ sí. Bí kò bá sí àlàfo, kò ní lè jókòó pa. Iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá títí etí rẹ̀ yóò fi jóná, agbára ẹ́ńjìnnì á sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà tí ó ń gbé èrò méjì gun òkè Ẹ̀fọ̀n tẹ́lẹ̀ yóò ṣe di ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tì.

Àlàfo yìí sì lè há fúnra rẹ̀. Bí ìjókòó fáàfù ti ń jẹ, fáàfù á máa wọlé sí i díẹ̀díẹ̀, àlàfo á sì máa dín kù láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọlọ́kadà tí ó dé ìsọ̀ mẹkáníìkì tí ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi pa ariwo yìí.” Ọ̀gá mú sípánà, ó de tápẹ́ẹ̀tì títí ariwo fi kú, oníbàárà sanwó, ó yọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ fi owó ra ẹ̀tẹ̀ kí làpálàpá lè lọ.

Bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é kò le. Kí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́júmọ́ kí ó lè tutù. Kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, kí ó ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ó sì máa yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnì ń dé òkè nínú ipò kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni fáàfù méjèèjì sì wà ní títì níbẹ̀. Nítorí náà, kí ó wo fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé títí yóò fi ṣí tí yóò sì padé, lẹ́yìn náà kí ó wá àmì T lára mágínẹ́ẹ̀tì kí ó bá àmì ara ilé rẹ̀ mu. Nígbà náà ni yóò tú nọ́ọ̀tì, tí yóò ki géèjì bọ àárín, tí yóò sì yí ìdè títí géèjì yóò fi máa wọ́ díẹ̀ bí ó ti ń fà á. Ibi tí ọmọṣẹ́ ti sábà ń ṣìnà ni ìgbà tí ó bá ń de nọ́ọ̀tì padà: ìdè á bá a yí, àlàfo á há. Kí ó di ìdè mú ṣinṣin, kí ó de nọ́ọ̀tì, kí ó sì tún un wọ̀n.

Bí ta-ta-ta bá ṣì kù lẹ́yìn èyí, tápẹ́ẹ̀tì kọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ọ́ìlì. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti ìgbà kò yẹ kí ó máa pe gbogbo ariwo ní orúkọ kan ṣoṣo. Fáàfù ń ṣí lẹ́ẹ̀kan fún yíyí méjì ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 1,400 nínú ìṣẹ́jú kan, 700 ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Ariwo tí ó bá yára tó ìlọ́po méjì èyí, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti wá a. Àgbà mẹkáníìkì a máa fi ẹnu sikurudíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, a sì fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀bá etí. Ibi tí ó bá ti dún jù ni ó ń wá. Ẹnu sàlẹ́ńsà tí ó ń jò a máa dún bíi tápẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́, pàápàá ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n èérí dúdú tí èéfín fi sí ẹnu ìsopọ̀ yóò tú u fó. Èyí tí ó bá ń dún kòó-kòó nísàlẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo lórí òkè, ọ̀pá písítìnì ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Kí ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kí ó sì wá ọkọ̀ tí yóò bá a gbé e délé.