Ohun tí Ó Ń Gbé Iná Bátìrì Lọ Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Ní Òkìtìpupa àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìkòyà dé Ìgbòtakò àti Òde-Ìrèlè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó wọ Nàìjíríà. Àìsàn kan sì wọ́pọ̀ lára wọn: ọkọ̀ tí ó gbé èrò délé láìsí ìṣòro lálẹ́ yóò kọ̀ láti jí láàárọ̀, yóò kàn máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí awakọ̀ bá ti yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò lọ ra bátìrì tuntun, owó ńlá yóò jáde, kò sì ní pẹ́ tí tuntun náà yóò fi dákú bíi ti àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wọn ohunkóhun kí owó tó jáde.

Iná ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí omi inú àmù. Bátìrì ni àmù náà. Alternator, ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí kí ó lè pèsè iná, ni apọnmi tí ó ń kún un. Bí àmù bá gbẹ mọ́jú, ohun mẹ́ta ni ó lè fà á: yálà àmù fúnra rẹ̀ ti sán, tàbí apọnmi kò pọn tó, tàbí ẹnìkan ń bu omi lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ẹni tí ó bá ra àmù tuntun láìwádìí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àmù ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859, òjé àti ásíìdì tí ó lò sì ni ó ṣì wà nínú ti ọkọ̀ dòní. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú bíi fóólìtì 2.1 wá, fóólìtì ni òṣùwọ̀n agbára tí ó ń ti iná gba inú wáyà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, tí wọ́n fi mítà kan orí méjèèjì tí bátìrì ní, bátìrì tí ó kún yóò fi bíi 12.6 hàn, 12.2 túmọ̀ sí pé ó ti dé ìdajì, 12.0 sì túmọ̀ sí pé díẹ̀ ni ó kù. Bí ó bá kún, ṣùgbọ́n tí mítà já wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ pé bátìrì náà ti gbó. Ooru ilẹ̀ wa máa ń mú kí òjé inú rẹ̀ tètè jẹrà, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí bátìrì rẹ̀ ní ìdérí tí ó ṣeé ṣí máa bu omi bátìrì kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe ásíìdì.

Ti apọnmi kò le. Kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tún gbé mítà sórí bátìrì: ó yẹ kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá dúró sí 12 tí ó sì ń rọra lọ sílẹ̀, alternator kò pọnmi. Bí ó bá kọjá 15, régúlétọ̀ tí ó ń díwọ̀n iná ti bàjẹ́, ó sì ń se bátìrì bí ẹni se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú alternator sílẹ̀, kí wọ́n wo bẹ́líìtì bóyá ó ti dẹ̀, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ lẹ́búlẹ́bú tí ó lẹ̀ mọ́ orí bátìrì, kí wọ́n sì yẹ wáyà tí ó so bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀ wò, nítorí pé ìpẹtà níbẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ra alternator tí kò yẹ kí wọ́n rà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gílóòbù pupa kékeré tí ó ní àwòrán bátìrì níwájú awakọ̀ ni iná ń gbà kọjá láti jí alternator; bí gílóòbù náà bá jó, alternator tí kò ṣe ohunkóhun lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

Àṣà kan wà lẹ́bàá títì tí ó yẹ kí ó dópin: kí ènìyàn yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti wò bóyá ọkọ̀ yóò kú. Bátìrì ni ó ń gba ìjì iná mọ́ra. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, iná lè ru sókè kí ó sì jó dáyóòdù inú alternator, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí iná ń gbà jáde lọ sí bátìrì tí kò sì jẹ́ kí ó padà. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń dá àìsàn sílẹ̀ ni.

Ẹni tí ó ń bu omi lóru, olè òru náà, ni ó ṣòro jù lọ láti mú. Kí wọ́n pa gbogbo iná, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n yọ orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò, kí wọ́n fi mítà tí wọ́n ti yí sí áńpíà mẹ́wàá sáàárín orí yẹn àti wáyà rẹ̀, kí wọ́n má ṣe yí sítátà rárá, kí wọ́n sì dúró fún bí ìdajì wákàtí kí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó sùn. Áńpíà ni iye iná tí ó ń ṣàn. Bí kò bá ju 0.05 lọ, kò sí ẹjọ́: bátìrì oníwákàtí-áńpíà 60 yóò gbà tó àádọ́ta ọjọ́ kí ó tó tán. Ṣùgbọ́n gílóòbù kékeré kan tí kò kú nínú búùtù ń mu bíi 0.4, ìdajì bátìrì sì ti lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí iye náà bá pọ̀, kí wọ́n máa yọ fíúùsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí mítà yóò fi já wálẹ̀. Ibi tí ó ti já ni olè wà. Bí gbogbo fíúùsì bá ti tán tí kò já, kí wọ́n tú wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator, nítorí pé dáyóòdù tí ó ti jó lè máa fa iná padà lóru. Rédíò àti áláàmù tí wọ́n fi kún ọkọ̀ lẹ́yìn tí ó dé máa ń wà lára àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí wáyà wọn kò bá gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Olè mìíràn wà tí mítà kì í rí. Ilé iṣẹ́ tí ó ń pèsè iná mànàmáná wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú òkùnkùn, èyí sì dun ni. Ẹni tí kò bá ní iná nílé yóò máa gba iná fóònù àti ti àtùpà lára ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ kò wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá tán pátápátá ni èérún funfun líle ń dì mọ́ òjé rẹ̀, ìrìn kúkúrú láàárín ìlú kò sì lè dá ohun tí wọ́n fà padà. Ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ó ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ níta gbangba.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra bátìrì tuntun kọ́kọ́ béèrè iye méjì lọ́wọ́ rìwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀: iye fóólìtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àti iye áńpíà tí ó ń jáde nígbà tí ọkọ̀ sùn. Rìwáyà tí kò bá lè dárúkọ méjèèjì kò tíì yẹ ọkọ̀ náà wò.