Dìkódà Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Á Mọ̀ Kí Á Tó Náwó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi pé kí n sọ̀rọ̀ fún yín lónìí, ó ní kí n yan ohun tí ó kan gbogbo ilé, ìbáà ṣe ilé olówó tàbí ilé mẹ̀kúnnù. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì yan àpótí kékeré tí à ń pè ní dìkódà, pàápàá èyí tí owó rẹ̀ kò ga, tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí ó lè bá wa gba àwòrán díjítà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa wí nínú ara wọn pé, "Ọ̀nà wa kò dára, ilé ìwòsàn wa ń fẹ́ òrùlé, tíṣà wá ń sọ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n." Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń jáde nínú ilé àwọn ará wa nítorí àpótí yìí, owó gidi ni: owó epo pupa ni, owó gàrí ni, owó ìfẹ̀yìntì ni. Bí a bá fi ra ohun tí kò ṣiṣẹ́, owó náà ti wọ igbó lọ, a kò lè fi tún ọ̀nà ṣe, a kò sì lè fi kan òrùlé. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣọ́ àpò ìlú, ó yẹ kí ó bá mẹ̀kúnnù ṣọ́ àpò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Opó kan wà ní àdúgbò kan nínú ìlú yìí. Ó fi èrè epo tí ó tà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ra dìkódà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri ọjà. Ẹni náà fi dá a lójú pé kò ní san kọ́bọ̀ mọ́ láéláé. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, àwòrán kò wá. Wọ́n yí áńtẹ́nà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, òfo ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe àpótí náà rárá. Èyí tí a ń fi díìṣì orí òrùlé gbà láti ojú sánmà ni wọ́n tà fún un, áńtẹ́nà lásán ni ó sì ní. Ẹni tí ó tà á ti lọ. Fìtílà ni màmá náà ń gbé lé e lórí títí di òní. Ọ̀rọ̀ bí èyí ni mo fẹ́ kí á dẹ́kun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà kan náà ni a ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́: ilé iṣẹ́ kan a ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, òun nìkan ni ó sì ń rìn ín. Ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ kò pọ̀ lọ títí. Bí ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń há.

Díjítà ni ó tú ọ̀nà náà sílẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ní ayé àtijọ́, mọ́tò kan ń gbé èrò kan ṣoṣo, ó sì gba gbogbo títì. Ṣùgbọ́n díjítà sọ àwòrán àti ohùn di òǹkà, ó ká òǹkà náà jọ bí ìgbà tí a bá ká aṣọ sínú àpótí, ó sì kó ilé iṣẹ́ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo, lórí títì kan náà. Iṣẹ́ dìkódà ni láti tú ẹrù náà nígbà tí ó bá dé ilé wa, kí ó sì fi èyí tí a bá fẹ́ han tẹlifíṣọ̀n wa. Àwọn ọ̀nà tí ó bá ṣẹ́ kù, ìjọba a máa yọ̀ǹda wọn fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí gbogbo ayé fi ń sáré sí i.

Ní ọdún 2006, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti Yúróòpù, Áfíríkà àti ilẹ̀ Lárúbáwá pàdé ní ìlú Geneva, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ààbò tí ó wà fún ọ̀nà àtijọ́ yóò dópin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de ọjọ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀nà àtijọ́ ní ìlú Whitehaven ní ọdún 2007, wọ́n sì parí rẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Ohun tí ó wù mí jù nínú ètò wọn ni pé wọ́n ya ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ti pé ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ àti àwọn aláàbọ̀ ara: ẹnìkan a bá wọn so àpótí náà, a sì kọ́ wọn bí a ti ń lò ó. Wọ́n mọ̀ pé bí ayé bá ń yí padà, àgbàlagbà ni ó kọ́kọ́ máa ń ṣubú sẹ́yìn.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, gbèdéke ọdún 2012 kọjá, ti 2015 kọjá, ti 2017 náà kọjá, iṣẹ́ kò parí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ètò tí a pè ní FreeTV. Owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba wà lórí àpótí náà nígbà náà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ sí 1,500 náírà. Ó dé Abúja ní ìparí ọdún kan náà, ó dé Ìlọrin ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ó dé Òṣogbo ní oṣù kejì ọdún 2018, ó sì dé Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ẹ rí i pé ìlú kan ni ó ń tẹ̀lé ìlú kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ní Èkó ń wò ó, òun náà yóò wò ó níhìn-ín lọ́la.

Nítorí náà, mo ti kó ìbéèrè márùn-ún jọ fún yín. Ẹni tí kò bá lè kọ wọ́n sílẹ̀, kí ó kà wọ́n sí ìka ọwọ́ rẹ̀.

Èkínní: Ṣé ti áńtẹ́nà ni, tàbí ti díìṣì? Ti áńtẹ́nà ń gba àwòrán láti orí òpó gíga tí ó wà lórí ilẹ̀. Ti díìṣì ń gbà á láti ojú sánmà. Ẹ yí ẹ̀yìn àpótí náà wò. Ihò tí a ń yí okùn mọ́ bí ìdérí ìgò ni a sábà máa ń rí lára ti díìṣì. Èyí tí a kàn ń ti okùn bọ̀ ni ti áńtẹ́nà. Bí opó tí mo sọ nípa rẹ̀ bá ti gbọ́ èyí nìkan, owó rẹ̀ ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì: Ṣé T2 ni? DVB-T2 ni irú tí orílẹ̀-èdè wa yàn. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní London, ẹ fi etí sílẹ̀ níhìn-ín. Àwọn àpótí Freeview tí wọ́n ń tà níbẹ̀ láti ọdún 2002, T lásán ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò gbọ́ èdè T2. Ẹ̀bùn tí ẹ fi ìfẹ́ dì sínú ẹrù lè dé ọwọ́ ìyá yín kí ó sì di òkúta. Ẹ bá wa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ dípò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ọ̀fẹ́ ni, tàbí a óò máa san owó oṣooṣù? Àwọn àpótí kan wà tí owó wọn kéré gan-an lọ́jà nítorí pé ẹni tí ó tà wọ́n mọ̀ pé òun yóò máa gba ìyókù lóṣooṣù. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí bí ẹni tí ó rà á bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè san owó oṣù, kí ó má ṣe ra àpótí tí yóò dákẹ́ bí owó bá ti tán. Ẹ sì bèèrè bóyá a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí i pẹ̀lú nọ́ńbà kí ó tó ṣiṣẹ́, àti ẹni tí yóò bá wa ṣí i.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ó bá tẹlifíṣọ̀n ilé mu? Tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ nù. Bí ó bá ní ihò aláwọ̀ mẹ́ta, pupa, funfun àti ìyeyè, okùn kan ti tó. Bí kò bá ní i, tí ihò áńtẹ́nà nìkan ni ó ní, àfi kí á wá àpótí tí ó lè sọ àwòrán náà padà sí irú ti àtijọ́. Gbogbo àpótí kọ́ ni ó lè ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n tuntun mìíràn sì wà tí ó ti ní T2 nínú ara rẹ̀. Ẹ wádìí kí ẹ má baà ra ohun tí ẹ ti ní.

Ẹ̀karùn-ún: Ṣé ìgbì náà dé ilé mi? Ní ọ̀nà àtijọ́, bí ìgbì bá rẹ̀, àwòrán a máa ṣe bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Fìtílà elépo ni ìyẹn. Bí epo bá ń tán, iná a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ni díjítà: ó tàn tàbí kò tàn. Bí ìgbì bá kéré, àwòrán a gé sí wẹ́wẹ́, ohùn a já, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ a sì lọ. Ilé tí ó wà lẹ́yìn òkè tàbí nínú àfonífojì lè má rí nǹkan kan, kí aládùúgbò rẹ̀ tí ó wà lókè sì máa rí i kedere. Kí á tó bú àpótí, ẹ jẹ́ kí á gbé áńtẹ́nà sókè, kí á dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà ibi tí òpó wà, kí á sì jẹ́ kí àpótí náà wá àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ti ìtọ́jú rẹ̀, iná tí ó ń jẹ kò tó nǹkan. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo mọ̀ pé aṣọ tí a fi ọwọ́ hun ń ṣe iyàrá lọ́ṣọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á bo dìkódà, ẹ má sì gbé ìkòkò òdòdó lé e. Bí òjò àti mànàmáná bá ń bọ̀, ẹ yọ okùn iná àti ti áńtẹ́nà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ní, "Fóònù ti tó." Òótọ́ ni pé fóònù ń gba àwòrán, ṣùgbọ́n dátà ni ó ń jẹ, gbogbo ìgbà tí a bá wò ó ni a ń sanwó. Dìkódà ọ̀fẹ́, bí a bá ti rà á tán, gbogbo ilé ni ó ń wò ó pa pọ̀, ìyá àgbà tí kò mọ̀wé náà sì ń gbọ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá láìbẹ ọmọ kankan. Ní ti àwọn ọmọdé, tíṣà ni mí, ẹ kò sì ní retí kí n dákẹ́: kí iṣẹ́ ilé ìwé ṣáájú àwòrán, kí rìmóòtù sì wà lọ́wọ́ òbí. Àpótí náà kò ba ọmọ jẹ́. Ilé tí kò ní àkókò ni ó ń bà á jẹ́.

Ní ìparí, mo gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ ra àpótí kan ṣoṣo, kí á dán an wò ní ọjà, ní orí òkè àti ní ìsàlẹ̀ odò, kí á sì lẹ ohun tí a bá rí mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú, kí olúkúlùkù mọ̀ kí ó tó náwó. Èkejì, kí Ìyálọ́jà bá wa sọ fún àwọn tí ń tà á pé kí wọ́n máa kọ ìwé ẹ̀rí fún olùrà, kí wọ́n sì gbà á padà láàárín ọjọ́ méje bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yan ènìyàn mẹ́fà tí yóò kọ́ bí a ti ń ri áńtẹ́nà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn opó àti àwọn arúgbó. Bí ìjọba bá pẹ́ kí ó tó ràn wọ́n lọ́wọ́, àwa ọmọ wọn kò gbọdọ̀ pẹ́.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí á béèrè kí á tó rà, kí á má ṣe rà tán kí á tó máa béèrè. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè, kí ó sì jẹ́ kí á pàdé ní àmọ́dún pẹ̀lú ayọ̀.