Ẹṣin Kú, Ó Fi Ìrù Sáyé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àyẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Èbúté Ìkòròdú

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí i, yóò jẹ́ kí a rí ogún, yóò jẹ́ kí a rí ọgbọ̀n.

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ ṣókí. A gbìmọ̀ pọ̀, a sì fẹnu kò pé a ò ní sọ ọ̀rọ̀ owó, a ò sì ní sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ìwo, ìrù, awọ àti eyín erin ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á.

Nígbà tí bàbá ọ̀kan nínú wa jáde láyé, àwa ọmọ ẹgbẹ́ ló bá a tún yàrá bàbá ṣe kí àlejò fídáù ọjọ́ kẹjọ tó dé. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a rí àpótí pákó kan. Ìrùkẹ̀rẹ̀ funfun kan wà níbẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ nínú irun rẹ̀, àti ìwo méjì tí wọ́n fi awọ dì lẹ́nu. Ẹnìkan ní oògùn ni. Ẹlòmíràn ní òrìṣà ni. Ẹ̀rù bà wá. A kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé, a dáná sun ún.

Lọ́jọ́ fídáù, àbúrò bàbá, àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dé láti Èpè. Lẹ́yìn àdúrà, ó ní kí wọ́n gbé àpótí bàbá àwọn wá. Ó ní ọdẹ ni bàbá tó bí àwọn. Ọ̀kan nínú ìwo yẹn ló ń kó ẹ̀tù ìbọn sí. Èkejì ló máa ń fọn bó bá pa ẹran ńlá nínú igbó, kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tí wọn yóò ti wá bá a gbé e. Ìrùkẹ̀rẹ̀ náà, ọjọ́ tí bàbá wọn joyè ni wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, kò sí òrìṣà. Àgbà náà kò bínú, kò pariwo. Ó kàn dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni a kò tíì gbàgbé.

Àwọn àgbà ní ẹṣin kú, ó fi ìrù sáyé. Èèyàn kú, ó fi ọmọ sáyé. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìrù ẹṣin, tàbí ti màlúù, ni wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń fọ irun rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń fi awọ rán ìdí rẹ̀ kó lè ṣe é dì mú. Bó bá dé ọwọ́ ọba, ó fi ń dáhùn ìkíni láì la ẹnu. Bó bá dé ọwọ́ babaláwo, iṣẹ́ Ifá ni. Bí a bá lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ ó rí i lọ́wọ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń jó lọ kí Awùjalẹ̀. Nísinsìnyí, a ti ń rí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe. Ọ̀rá kò ní ẹṣin kankan tó fi í sáyé.

Ẹ wo ìlù náà. Igi òmọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ fún dùndún, ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Awọ náà ni wọ́n tún ń gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń yí, kó lè di ọṣán tí onílù ń fún mọ́ra, kí ohùn lè ròkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Gúdúgúdú, awọ tí wọ́n ká ni wọ́n fi ń lù ú. Sákárà tí àwọn bàbá wa jó, amọ̀ tí wọ́n sun ni ara rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni ojú rẹ̀. Ewúrẹ́ tí kò mọ̀ ju “mẹ̀ẹ̀” lọ nígbà tó wà láàyè, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ló tó ń ki èèyàn ní oríkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwo ẹfọ̀n lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ya, nítorí ìtàn sọ pé Ọya a máa gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín erin ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ọlọ́nà ibẹ̀ gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ alápá méjì, ọ̀kan nínú èkejì, láti inú eyín erin kan ṣoṣo, láì kan ìṣó, láì lo àtè. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní mùsíọ́mù ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí.

Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, ààfin jóná, wọ́n sì kó ẹrù ọba lọ. Nígbà tí a ṣe FESTAC ní Èkó ní 1977, ojú Ìyá Ọba Idia, tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, ni àmì àjọ̀dún náà. Mùsíọ́mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò yá wa. Àwọn ọlọ́nà Bìní ló gbẹ́ òmíràn. Inú ń bí wa sí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní, ó sì tọ́ kó bí wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àpótí bàbá yẹn. Kò sí Òyìnbó kankan lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ tiwa ni ìṣáná wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. A kò ní kí ẹ lọ ra eyín erin tàbí ìpẹ́ akika. Láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti dá òwò eyín erin dúró, nítorí erin ń tán lọ. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, ìjọba wa lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù 2.5 kúnná ní Àbújá, kó má baà dé ọwọ́ oníṣòwò mọ́. Èyí tó ti wà nílé láyé àtijọ́ ni kí a tọ́jú. Fún tuntun, màlúù, ewúrẹ́ àti àgbò tó wa. Lẹ́yìn Iléyá, ìwo àgbò mélòó là ń dà sí ààtàn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa pinnu. Èkíní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà ilé rẹ̀, kó ya fọ́tò ohun tó wà nínú àpótí, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹran tó ti wá, ẹni tó ṣe é àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Akọ̀wé ti ra ìwé ńlá kan fún un. Èkejì, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó fẹ́ nǹkan náà nílé, kó má sun ún. Kó pe ẹgbẹ́. A ó wá ẹbí tó ni ín, tàbí kí a gbé e lọ sí mùsíọ́mù ní Oníkàn. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe, oníṣọ̀nà àdúgbò wa ni a ó kọ́kọ́ gbé e fún.

A ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tí a pa níbi ìpàdé òpin ọdún tó kọjá, a kò ju awọ rẹ̀ nù. Òun ló wà lójú ìyáàlù tó ki yín wọlé lónìí. Àgbà wa láti Èpè ló jókòó lápá ọ̀tún yẹn. Àwa la lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa foríjì wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ohun rere tí a fi sáyé ju èyí tí a bá láyé lọ.