Epo, Ọṣẹ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìyè



Ọdún 1923 ni William Lever, ẹni tí wọ́n fi joyè Lord Leverhulme, dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Àpápá sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ọṣẹ náà. Epo ọ̀pẹ ló fà á wá. Kí ó tó dé, àwọn obìnrin Yorùbá ti ń fi omi eérú àti àdín se ọṣẹ dúdú tipẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò wọn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń tọ pinpin lónìí, kí wọ́n lè mọ bí ìyè ṣe bẹ̀rẹ̀.

Omi eérú ló ń tú epo palẹ̀ di ásíìdì ọ̀rá. Mólékù ásíìdì yìí ní orí àti ìrù: orí fẹ́ omi, ìrù kọ̀ ọ́. Bí agbára omi eérú bá pọ̀, wọn a kóra jọ wẹ́wẹ́, wọn a kó ìrù sínú, ìdọ̀tí a há sáàárín wọn. Iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí agbára yìí bá wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 8 tàbí 9 lórí òṣùwọ̀n pH, wọn a tò ní ìpele méjì, wọn a sì ká di àpò róbótó tó gba omi sínú. Irú ìpele méjì bẹ́ẹ̀ ni awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn.

Ní 1973, Gebicki àti Hicks fi ásíìdì oleic, èyí tó pọ̀ nínú epo pupa, ṣe irú àpò bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀pẹ tó hù láyé ńkọ́? Òkúta ojú ọ̀run kan já sí Murchison ní Ọsirélíà ní 1969. Ní 1985, David Deamer fi hàn pé èròjà inú rẹ̀ náà lè di àpò. Ní 2009, Ting Zhu àti Jack Szostak fún àpò ọ̀rá ní ọ̀rá sí i: ó nà bí okùn, nígbà tí wọ́n sì rọra mì ín, ó já sí àpò wẹ́wẹ́.

Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi òkun. Iyọ̀ àti calcium tó ń dí i lọ́wọ́ náà ló ń fọ́ àpò wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí Deamer fi gbà pé adágún omi gbígbóná lórí ilẹ̀ ni ìyè ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú òkun.

Síbẹ̀, ìrísí ń tan ni jẹ. Ní èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Stéphane Leduc ti ìlú Nantes fi iyọ̀ oríṣiríṣi hu ohun tó ní igi àti ẹ̀ka nínú omi, kò sì sí ẹ̀mí nínú ọ̀kankan. Ní 1996, David McKay ti NASA àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ekòló tín-ín-tín nínú òkúta ojú ọ̀run ALH84001, wọ́n sì rò pé ó lè jẹ́ àmì ìyè. Ọmọ Mars ni òkúta náà, bíi Zagami tó já sí agbègbè Katsina ní 1962. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti wá gbà pé kẹ́mísìrì lásán lè ṣe irú ìrísí yẹn.

Títí di òní, kò sí ilé ìwádìí tó tíì fi èròjà lásán dá ohun tó ń jẹun, tó ń bímọ, tó sì ń fi àbùdá rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísìrì ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ se ọṣẹ ní ilé ìwádìí, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ohun tí mólékù ń ṣe nínú ìkòkò náà.