OÚNJẸ TÍ INÁ KÒ KÀN ÀTI ÌWỌ̀N ARA ẸNI

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí àṣà kan tí ó ti òkè òkun wá, tí ó sì ń wọ ìlú díẹ̀díẹ̀. Àṣà náà ni pé kí ènìyàn kọ iná sílẹ̀ pátápátá, kí ó máa jẹ kìkì ohun tí a kò sè, tí a kò dín, tí a kò sì sun. Àwọn tí ń tẹ̀ lé e sọ pé èso, ewé àti àgbọn tó fún ọmọ ènìyàn. Pé iná ni ó ń ba oore inú oúnjẹ jẹ́. Àti pé ẹni tí ó bá ń jẹun báyìí kò ní sanra jù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé. Ibi tí ó kù sí ni ewu wà.

Kò sí ẹni tí ó níláti kọ́ àwọn ará Oko Ọba ní jíjẹ ohun tútù. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti ilé iṣẹ́ Ìkẹjà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọsàn bíbó, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àgbọn a máa wà lórí àtẹ ní ojú ọ̀nà, àgbálùmọ̀ a sì dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun rere ni gbogbo wọn. Fítámì C tí ó wà nínú ọsàn kò fẹ́ràn iná; bí a bá sè é pẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ a ṣòfò. Nítorí náà ni kò fi dára kí ìyàwó ilé bọ ẹ̀fọ́ títí tí yóò fi rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́, kí ó tún fún omi rẹ̀ dànù. Ẹni tí ó sanra jù, tí ó sì fi ọsàn méjì rọ́pò pọfupọ́ọ̀fù àti mínírà tí ó máa ń jẹ ní ọ̀sán, yóò rí i pé ara rẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa lọ déédéé. Títí dé ibẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n iná kò wulẹ̀ jẹ́ apanirun. Èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ń dáàbò bo ojú, wà nínú kárọ́ọ̀tì àti nínú ẹ̀fọ́. Ara a sì máa rí i gbà dáradára nígbà tí a bá sè wọ́n díẹ̀ tí epo sì wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ elépo tí àwọn ìyá àgbà ń sè kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ tì. Iṣu àti àgbàdo gbígbẹ ńkọ́? Bí ènìyàn bá jẹ wọ́n ní tútù, ikùn kò lè fọ́ wọn tán, agbára inú wọn a sì bá ìgbẹ́ lọ. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2009, Richard Wrangham, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé sísè ni ó jẹ́ kí ọmọ ènìyàn lè rí agbára tí ó tó gbà láti inú oúnjẹ tí kò pọ̀ jù, láìní í máa jẹun láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Àwọn tí ó fẹ́ mọ òpin ọ̀rọ̀ yìí lè wo ohun tí a rí ní Jámánì. Àwọn onímọ̀ wádìí nípa ọkùnrin 216 àti obìnrin 297 tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ tútù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Àwọn ọkùnrin ti fi nǹkan bí kílò 10 fọn, àwọn obìnrin ti fi kílò 12 fọn. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀nà àti dín ọ̀rá kù lè pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù. Ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn obìnrin náà ni ó ti rù kọjá bí ó ti yẹ. Nínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 45, bí 30 nínú 100 ni nǹkan oṣù wọn ti dàrú tàbí tí ó ti dáwọ́ dúró pátápátá, pàápàá àwọn tí wọn kì í fẹ́ jẹ ohun sísè rárá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń retí ọmọ. Kì í ṣe ọwọ́ ayé ni ó dá nǹkan oṣù náà dúró. Ara tí ebi ń pa kì í dáwọ́ lé oyún.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n tí ó yẹ òun? Kí ó wọn gíga rẹ̀ ní mítà, kí ó sọ iye náà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ó sì fi èyí pín ìwọ̀n kílò rẹ̀. Bí èsì bá wà láàárín 18.5 sí 25, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60, fún àpẹẹrẹ, yẹ kí ó wà láàárín kílò 47 sí 64. Ìṣirò yìí kò wà fún aboyún, bẹ́ẹ̀ ni kò wà fún ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí oúnjẹ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ní tútù. Àkọ́kọ́ ni gbágùúdá. Májèlé tí ń jẹ́ sáyánáìdì máa ń jáde nínú rẹ̀ nígbà tí a bá gé e tàbí tí a jẹ ẹ́ lẹ́nu. Àwọn oríṣi kan tilẹ̀ korò tí wọ́n lè pa ènìyàn. Gbígbo, fífún lábẹ́ òkúta, kíkan àti yíyan ni ó ń lé májèlé náà jáde kí ó tó di gàrí. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ yìí ṣeré, tí ó ń kánjú mú gàrí jáde ní ọjọ́ kan, ń ṣe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ibi. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ibòmíràn, nípa àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ó so àìsàn náà mọ́ oúnjẹ gbágùúdá tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tí ó tó. Kí òṣìṣẹ́ tí ń mu gàrí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ má ṣe gbàgbé ẹ̀pà tàbí ẹja díndín nínú rẹ̀.

Ẹran ni èkejì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan Oko Ọba ju ibòmíràn lọ, nítorí ọjà màlúù àti ibi ìpẹran ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ àdúgbò náà. Ikọ́ àwúbì àti aràn gbọọrọ lè ti ara màlúù bọ́ sí ara ènìyàn. Ẹran tí inú rẹ̀ ṣì pupa tí ẹ̀jẹ̀ ń ro kò tíì jinná. Wàràkàṣì ti kan iná, nítorí àwọn Fúlàní a máa gbé mílíìkì rẹ̀ ka iná kí wọ́n tó fi ewé bomubómu dì í; ṣùgbọ́n nọ́nọ̀ tí a fi mílíìkì àìsè ṣe léwu.

Ẹ̀kẹta ni ohun mímu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì ń jà ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé àwọn ohun mímu òfíò tí a kò forúkọ wọn sílẹ̀ wà lára ohun tí a fura sí. Òfíò fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Omi tí a fi lọ̀ ọ́, ọwọ́ tí a fi fún un, àti àìsè rẹ̀ ni ó ń gba kòkòrò àrùn láyè. Ẹni tí yóò bá jẹ èso kí ó fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ kí ó tó bó o, nítorí ọ̀bẹ a máa gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú.

Ní ti àwọn ọmọ ọwọ́, kò yẹ kí òbí kankan dán oúnjẹ tútù nìkan wò lára wọn. Ikùn wọn kéré, èso àti ewé sì kún fún omi; wọn yóò yó kí agbára tó wọ ara wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọmọ ti ń mu ọmú nìkan, kí ìyá fi ògì tí a po mọ́ ẹ̀pà lílọ̀, ẹ̀wà tí ó jinná dáradára, ẹyin sísè tàbí ẹja kún ọmú náà, kí ó sì fún un ní ọsàn àti ìbẹ́pẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé déédéé, tí ó ń fi ìlà kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì, tí ó sì ń fi káàdì náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè, oúnjẹ ń ṣe é lóore; bí ìlà náà bá dúró lójú kan fún oṣù méjì, kí ìyá má dúró de oṣù kẹta kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ìlera tí ó súnmọ́ ọn.