Kí Gbájúẹ̀ Má Baà Kó Ìsọ̀ Wa Lọ



Gbogbo wa la mọ̀ pé owó oṣù kò gbọ́ bùkátà tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe òwò kékeré mọ́ iṣẹ́. Ẹnìkan ń ta páàtì ọkọ̀, ìyàwó ẹlòmíràn ń ta aṣọ lórí WhatsApp, ẹni tó fẹ̀yìn tì fi gírátúìtì rẹ̀ ṣí ìsọ̀ POS. Owó òógùn ni. Bí gbájúẹ̀ bá kó o lọ, ó di kí ọmọ jókòó sílé láìlọ síléèwé.

Olè ayé ìsinsìnyí kì í sábà já ilẹ̀kùn; onílé ló ń tàn kó ṣí i fún un. Yóò pè yín bí òṣìṣẹ́ báńkì: "Bàbá, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa. Ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún mi." Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni nọ́ńbà mẹ́fà ti WhatsApp: ẹni tó bá gbà á yóò máa fi orúkọ yín yáwó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín.

Ẹ̀kejì, ẹ má gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni nítorí alert tó fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀. Ẹ wo inú àkáǹtì yín ná.

Ẹ̀kẹta, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá kú lójijì, tí ti àwọn tó wà nítòsí sì ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti gba nọ́ńbà yín sórí SIM mìíràn. Ẹ sáré sọ fún báńkì.

Ẹ̀kẹrin, bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ gba àtúnṣe, ẹ gbà á. Ní oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows. Ọ̀pọ̀ kò kà á sí. Ní oṣù Karùn-ún, kòkòrò WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti ìwé wọn pa, ó ní kí wọ́n san 300 dọ́là kí òun tó ṣí i. Kódà Renault dá iṣẹ́ dúró láwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ máa kọ gbèsè àti ọjà yín sínú ìwé mìíràn pẹ̀lú.

Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má tijú. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ sì sọ fún ẹgbẹ́ kí ẹlòmíràn má baà kó sí i. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ìṣọ̀kan wa má bàjẹ́.